Ìwé Opal Tí Mi Ò Fọwọ́ Sí

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ Harlan Boggs. Àwọn tó ti bẹ̀ mí kò kéré. Pásítọ̀ ti bẹ̀ mí. Ìyàwó Harlan fúnra rẹ̀ gbé kéèkì wá sílé mi, mo jẹ kéèkì ọ̀hún títí mo fi lá àwo rẹ̀, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ta ló sọ pé èèyàn burúkú ni? Ká ní èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn mí níwọ̀n, torí mi ò bá tí retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wilma Casto lorúkọ mi. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo ń wà lórí àwọn òkè wọ̀nyí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba etí ọ̀gbun, tí àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn: má kúrò níbi tí wọ́n fi ọ́ sí. Bí o bá fẹ́ tọ̀, mú un mọ́ra. Bí oyin bá ń ta ọ́, jẹ́ kó máa ta ọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

Rédíò ló pa èmi àti Harlan pọ̀. Kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí èèyàn fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni, láti orí òkè kan sí èkejì, tàbí láti ilé ẹni dé òdìkejì ayé bí ojú ọ̀run bá gbà. Ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò, kí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè tirẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí a ó máa fi dá a mọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìjọba kì í wá ṣe ìdánwò yẹn. Àwa tí a ti gbàwé àṣẹ la máa ń yọ̀ǹda ara wa, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn, láti jókòó ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Òfin rẹ̀ kò le. A ò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ojú wa wà lára ẹni tó ń kọ̀wé, láti ìgbà tó bá gbé pẹ́ńsùlù títí tí yóò fi gbé e sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó máàkì ìwé rẹ̀, a ó sì fọwọ́ sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní kí o ru òkúta. Wọ́n ní kí o jókòó ni.

Harlan ni olórí wa. Òun ló ń gbé àpótí ìwé ìdánwò wá, òun ló mọ bí a ṣe ń fi èsì ránṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń ṣe é, tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwa onírédíò: àìsàn ilẹ̀ òkèèrè. Ó fẹ́ kí ohùn òun dé gbogbo ilẹ̀ tó wà láyé kí òun tó kú. Káàdì tí àwọn tó bá sọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti jẹ́rìí pé àwọn gbọ́ ọ ti kún ògiri ilé rẹ̀ débi pé àwòrán ìgbéyàwó wọn ti di èrò inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibì kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù, erékùṣù kan nísàlẹ̀ ayé tí ẹnì kankan kò gbé àfi ẹyẹ àti òtútù. Ó máa ń pẹ́ kí àwọn aláyà líle kan tó kó rédíò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Wọ́n á pàgọ́, wọ́n á máa dáhùn ìpè gbogbo ayé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì kó ẹrù wọn padà. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Harlan wà, wọ́n ń yọ òkúta nínú kíndìnrín rẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ìtàn yẹn, ẹ óò rò pé ọmọ ló kú fún un.

Opal Sizemore ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Roscoe ọkọ rẹ̀ ń gé gẹdú ní góńgó òkè, níbi tí fóònù kì í ṣiṣẹ́, inú àgọ́ ibẹ̀ ló sì ń sùn láti Mọ́ńdè títí di òpin ọ̀sẹ̀. Roscoe ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Tó bá di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, yóò gbé rédíò kékeré rẹ̀, yóò pe àmì ìpè rẹ̀ lórí ìkànnì àfonífojì wa, yóò sì máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yóò sọ irú igi tí wọ́n gé, yóò bú ọ̀gá wọn, yóò sọ ẹni tó ń hanrun. Opal ní rédíò lórí tábìlì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n kò lè dáhùn, torí kò ní ìwé àṣẹ. Roscoe kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó ń gbọ́ àti ọjọ́ tí kò sí nílé. Afẹ́fẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn aládùúgbò sọ fún Opal pé kó tẹ bọ́tìnnì kó máa sọ̀rọ̀ jàre, ta ló máa mú un? Opal ní, "Tí wọ́n bá gba rédíò lọ́wọ́ Roscoe ńkọ́? Ohùn kan ló kù fún wa, ẹ fẹ́ kí n sọ ìyẹn náà nù?" Mo sọ fún un pé òfin gbà á láyè láti sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ bá jókòó tì í. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ ó máa wá sùn nílé mi lójoojúmọ́?"

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ní tábìlì ìdáná rẹ̀, láàárín ọ̀dùnkún tó ń bó. Ìṣirò ló ń dà á láàmú. Kò dàgbà pẹ̀lú ìwé, ó kúrò ní ilé ìwé láti lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò wa rí, ó fìdí rẹmi. Ó tún ṣe é, ó tún fìdí rẹmi. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la sì ń ṣe é, torí ọ̀nà àwọn òkè wa jìn. Nígbà tó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ìwé náà wọ inú báàgì rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò wáyà."

Sátidé tí mò ń wí yìí, oṣù kọkànlá ni. Yìnyín ti bo títì. Nínú ilé àwọn panápaná la ti ń ṣe ìdánwò, ní yàrá ẹ̀yìn tó ń rùn kọfí àti rọ́bà. Mẹ́rin ló yẹ ká jẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹnì kẹrin wa yọ̀ wọ kòtò, ó padà sílé. Ó wá ku àwa mẹ́ta géérégé: Harlan, èmi, àti Denzil Hively, bàbá arúgbó tó ti ń ṣe rédíò kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Nínú àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, Opal nìkan ló dé. Roscoe kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nítorí yìnyín, òun sì dá ọkọ̀ wá jẹ́jẹ́. Ó gbé búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran sí nínú wá fún wa, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé ẹ ti ṣetán láti tún já mi kulẹ̀?"

"Lónìí kọ́," Harlan dá a lóhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní ìwé ìbéèrè, ó ka òfin fún un, ó sì jókòó. Mo rí i pé ó ki nǹkan kan sí etí òsì, okùn rẹ̀ wọ inú ẹ̀wù rẹ̀ lọ síbi rédíò kékeré tó fi há ìgbànú. Mo fi ọwọ́ kan etí mi láti bi í pé kí ló dé. Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Opal ń kọ. Ó máa ń fi ètè ka ìbéèrè láìpariwo. Ó dé ibi ìṣirò tó máa ń dá a dúró, èyí tí a fi ń mọ bí wáyà tó ń gbé ohùn rédíò ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, mo sì rí i tó fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó pín nọ́ńbà náà bí mo ṣe kọ́ ọ, tó sì rí ìdáhùn rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti mí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ojú Harlan yí padà. Ó fi ọwọ́ tẹ etí òsì. Ó dìde. Mo na ọwọ́ sí i pé, níbo? Ó na ìka kan sókè, ó ń sọ pé ìṣẹ́jú kan péré, ó sì ti jáde kí n tó lè di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Mo rò pé ilé ìgbẹ́ ló lọ. Ìyẹn náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n èèyàn ni wá. Kí ni mo tún gbọ́? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí rédíò ńlá rẹ̀ wà, ni mo gbọ́ níta. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń ké àmì ìpè rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń polówó ẹja. Ó dákẹ́. Ó tún ké e.

Denzil fi ara tì mí. "Erékùṣù yẹn ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ ń tàn. "Wọ́n ti débẹ̀ nìyẹn!" Mo gbá a ní ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tèmi ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí fi mí sí. Bí mo bá jáde lọ wọ́ ọ wọlé, Denzil nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Bí mo bá pariwo, Opal á dàrú. Bí mo bá ní kí Opal gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ìṣirò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí á di asán níṣojú rẹ̀. Mo jókòó síbi tí wọ́n fi mí sí. Opal gbójú sókè, ó wo àga Harlan tó ṣófo, ó wo ojú mi, ó sì tún padà sórí ìwé rẹ̀. Níta, Harlan ń ké, kò sì dákẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Kò tilẹ̀ yọ́ wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn gbàgà, òtútù bá a wọlé, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

"Mo rí wọn gbà! Wọ́n pe àmì mi padà! Láàárín gbogbo ayé tó ń pariwo lórí wọn!"

"Jókòó," mo ní.

"Wilma, o ò mọ̀..."

"Harlan, bí o ò bá jókòó, mo máa fi ìgò kọfí yìí fọ́ ọ lórí."

Ó jókòó. Opal kò gbójú sókè. Ó parí, ó tún un yẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, ó sì gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Harlan máàkì rẹ̀, Denzil máàkì rẹ̀, èmi náà máàkì rẹ̀. Ìbéèrè márùndínlógójì ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Opal gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Harlan pariwo, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Opal fi ọwọ́ bo ẹnu. Harlan fa ìwé èsì yọ, ó fọwọ́ sí i wàràwàrà, ó tì í sí iwájú Denzil, Denzil fọwọ́ sí i, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò mú bírò.

"Fọwọ́ sí i, Wilma," Harlan ní.

"Ó ní kí n jẹ́rìí pé àwa mẹ́ta la wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa mẹ́ta dà?"

"Ṣé nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀?"

"Nítorí ìṣẹ́jú wo? O jókòó sínú ọkọ̀, o ń ké bí àgùntàn!"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wò ó, ta ló máa mọ̀?"

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? O lọ sórí rédíò! Àwọn èèyàn ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ayé!"

"Mo tún kéde rẹ̀ lórí ìkànnì wa," Harlan fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ó ti sọ fún gbogbo àfonífojì pé òun rí erékùṣù náà gbà, kí àwọn yòókù lè sáré wá a. Ó wò mí bí ọmọ tó jalè ṣúgà, tí ṣúgà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bí ẹnì kan bá kọ̀wé lọ sọ ọ́," mo ní, "ìwé àṣẹ tìrẹ kọ́ ni ìjọba máa kọ́kọ́ mú. Ti Opal ni wọ́n máa fagi lé. Ìwọ lo ṣẹ̀, òun ni wọ́n á nà."

Denzil ní, "Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá, ẹ̀yin ọmọ mi. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n. Ó yege."

"Bàbá, ẹ dákẹ́ fún mi," mo ní. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́ títí dòní.

Opal ti ń wo ẹnu wa látìgbà yìí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ṣé mo yege ni àbí mi ò yege?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ pé ìdánwò náà kì í ṣe ìdánwò mọ́ látìgbà tí Harlan ti ṣílẹ̀kùn. Mo sọ pé a lè tún fún un ní òmíràn báyìí, ìbéèrè míràn ni, torí òfin kò gba kó tún ṣe àwọn ti àkọ́kọ́. Èmi ni Opal kọ́kọ́ bú mọ́.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ rí i tó jáde! Ẹ jókòó síbẹ̀ ẹ̀ ń wò mí, ẹ jẹ́ kí n máa kọ ohun tí ẹ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lórí tábìlì mi!"

Mi ò bá a jiyàn. Òótọ́ ló sọ. Harlan rò pé òun ti rí ibi sá sí. Ó ní, "Opal, má bínú, Wilma ló ń fẹ́ fi òfin..."

Ni Opal bá yíjú sí i.

"Ìwọ, má dárúkọ òfin. Rédíò wà lórí tábìlì mi, bọ́tìnnì rẹ̀ kò jìnnà sí ọwọ́ mi ju ṣíbí lọ. Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń pè mí, mo ń gbọ́, mi ò tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, òwúrọ̀ ló kú, Roscoe wà lókè lọ́hùn-ún, ó gbé rédíò, ó ń dápàárá fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín! Ìyá rẹ̀ ti kú, òun ò mọ̀, èmi mọ̀, mo jókòó síbẹ̀ mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ọwọ́ mi wà lára nǹkan yẹn. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ni mo wọ̀, mo gun òkè lọ bá a. Nítorí kí ni? Nítorí ẹ̀yin lẹ sọ pé òfin ni. Mo pa á mọ́ nínú ilé mi, níbi tí ẹnì kankan ò ti rí mi. Ìwọ wá ńkọ́? Ta ló ní kí o ṣe wàhálà? Wọ́n ní kí o jókòó! Kí o jókòó lásán! Ìdí rẹ kò gba àga?"

Opal fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ gbé òmíràn wá," ó ní.

Mo na ọwọ́ sí Harlan. Kò bi mí pé kí ni mo ń bèèrè. Ó yọ nǹkan etí náà, ó yọ rédíò ìgbànú, ó kó wọn fún mi. Mo ju ti etí sínú kọfí tó ti tutù, mo sì fi rédíò náà sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Kò mira.

Ṣùgbọ́n aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Opal ń kọ. Ètè rẹ̀ kò ka ìbéèrè mọ́, ó ti fún wọn pọ̀. Ó dé ibi ìṣirò kan, ó fa ìlà, ó pín in, ó pa á rẹ́, ó tún pín in. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀gún gún èèyàn tán, kẹ́ ẹ ní kó wá ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́! Mi ò lè la ẹnu. A jókòó tì í, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí òfin ṣe wí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an, lẹ́yìn ìgbà tí kò wúlò mọ́.

Mẹ́rìnlélógún ló gbà.

Harlan máàkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan míràn, ó fi ọwọ́ fa ìwé èsì àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àpótí, ohùn rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lo èyí. Ẹ jọ̀ọ́. Wilma, fọwọ́ sí i. Èmi ni mo máa gba ìyà rẹ̀ bí ó bá di ariwo."

Mo jẹ́wọ́ pé bí Opal bá ti gbà lásìkò yẹn, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Opal gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wo nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn pẹ́, ó sì ya á sí méjì.

"Èmi kọ́ ni mo jáde," ó ní. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

A bá a jáde. Atẹ́gùn mú bí ọ̀bẹ. Harlan ti fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, rédíò inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì àfonífojì, gbohùngbohùn rẹ̀ sì ń fì lórí okùn. Bí Opal ṣe ń kọjá lọ, a gbọ́ ohùn Roscoe.

"Harlan, tàbí Wilma, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Roscoe ni. Ìyàwó mi ti jáde? Báwo ló ṣe rí?"

Opal dúró. Harlan sáré lọ mú gbohùngbohùn, ó nà án sí i. "Gbà. Sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, òfin gbà ọ́ láyè."

Opal wo nǹkan náà. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ dìde. Kò jẹ́ kó dìde.

"Ìwọ sọ fún un," ó ní. "Ìwọ lo ní ìwé àṣẹ. Sọ fún un bó ṣe rí."

Gbogbo àfonífojì ló máa ń gbọ́ ìkànnì yẹn ní Sátidé, wọ́n fi ń se ọbẹ̀, wọ́n fi ń tún mọ́tò ṣe. Harlan wò mí. Mi ò gbójú kúrò. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Roscoe," ó ní, "ìyàwó rẹ yege. Ó gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo jáde láàárín ìdánwò. Ìwé náà kò dúró mọ́. Ó tún ṣe òmíràn, ó kùnà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Lẹ́yìn náà ni Roscoe sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ìgbà yẹn lo kéde erékùṣù rẹ? Mo gbọ́ ọ. Mo gbé igi sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo rò pé ẹ ti ṣe tán ni."

"Roscoe, dárí jì mí," Harlan ní. "Jọ̀ọ́. Mi ò rò ó."

Roscoe kò fèsì.

"Roscoe? Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Harlan wo rédíò náà, ó yí bọ́tìnnì ohùn rẹ̀ sókè, ó tún pè é ní orúkọ, ó pe àmì ìpè rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "Roscoe, ṣé ò ń gbọ́ mi? Bí o bá ń gbọ́ mi, dáhùn."

Opal ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ó ń gbọ́ ọ," ó ní. Ó wọlé, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.